Téèpù Ọgbọ̀n Mítà

Mẹ́ta péré ni wá lọ́jọ́ tá a bẹ̀rẹ̀:
èmi, Oyèlẹ́yẹ, àti Mojírọ́lá tó di orí téèpù mú,
lẹ́yìn ilé kan ní Ìsàlẹ̀-Ọrà,
lẹ́yìn òjò tó gbé ìkòkò àti bàtà ọmọdé lọ.
A ń wọn gọ́tà. Iṣẹ́ tí olùkọ́ fún wa ni,
máàkì mẹ́wàá, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Màmá kan yọ sí wa tòun tìgbálẹ̀:
"Ẹ̀yin ọmọ Tán-Púlánnì, ẹ ò ní fi ọ̀dà pupa
kọ àgbélébùú sára ògiri mi o!
Ilé tí ọkọ mi fowó kaṣú kọ́,
ògiri kan lọ́dún yìí, ògiri kan lámọ́dún."
Mojírọ́lá kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀.
Ó ní, "Màmá, ibi tómi ń gbà la wá wò,
a ò wá wó nǹkan kan."

Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó figbálẹ̀ júwe:
"Odò kékeré kan wà níbí kí wọ́n tó bí mi.
Wọ́n dí i, wọ́n kọ́lé lé e, ó parí.
Àwa la gbàgbé.
Omi kì í gbàgbé ọ̀nà ilé."
Mo kọ ọ́ sétí máàpù wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n,
pẹ̀lú pẹ́ńsù tó kù bí ìka.

Oyèlẹ́yẹ ló fi àwòrán náà ránṣẹ́ lóru ọjọ́ kan.
Iná ò sí; jẹnẹrétọ̀ onífárí kan ní Ọ́ńdà-Jí
ló ń bọ́ fóònù rẹ̀.
Ẹni tó dá wa lóhùn láti Kìsúmù ń jẹ́ Akinyi,
kò fàmì ohùn sí i.
A rò pé ọmọ Ìkòyí-Ilé kan ló rìn jìnnà,
akin tó yí ojú ogun padà.
Àṣé obìnrin ni, ọmọ etí adágún,
ẹni tí wọ́n bí láàárọ̀ lorúkọ rẹ̀ ń jẹ́ lédè wọn.
Ó ní gọ́tà tiwọn náà ń hu irú ìwà yẹn.
Ó ní, kí ni ìyá yẹn wí? Ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀.
Rubaya kọ̀wé láti Dákà,
níbi tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ ojú omi lọ sí kíláàsì.
Àwọn méjì ní Kùmásí. Ọkùnrin kan ní Fálúparáísò
tó ń ka àtẹ̀gùn òkè ìlú rẹ̀ bí ẹni ka ìlẹ̀kẹ̀.
Nígbà tọ́yẹ́ fi dé, ìlú mọ́kànlá;
nígbà tí máńgòrò fi pọ́n, a ò kà á mọ́.
Ìpàdé di agogo méjì òru lọ́dọ̀ wa.
Ilẹ̀ ti mọ́ ní Dákà, ará Fálúparáísò ò tíì sùn,
a sì ń jà lórí ẹni tí yóò ṣe akápò
owó tí kò sí.

Lóṣù kẹjọ, ọmọbìnrin kan ní Bràsíìlì,
tá ò rí rí, fi àwòrán ògiri kan hàn wá:
lẹ́tà gàgàrà, ọ̀dà búlúù, lábẹ́ afárá.
A tú u títí, ó fi di Yorùbá:
Omi kì í gbàgbé ọ̀nà ilé.
Ó ní òwe àtijọ́ àwọn ará àdúgbò òun ni.
A wojú ara wa. Mojírọ́lá ní kí n pa ẹnu mọ́.

Mo gba Tákìé lọ bá Ìyá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré.
"Màmá, ọ̀rọ̀ yín ti sọdá òkun!"
Ó ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà, kò gbójú sókè.
"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ń lọ,
ṣé inú gọ́tà yìí ló gbà kọjá ni?"

Gọ́tà ṣì kún: ọ̀rá, iyanrìn, bàtà ẹsẹ̀ kan.
Mi ò rí èsì fọ̀.
Ó nawọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fa ọkọ́ kan yọ,
ó ní erúkọ́ rẹ̀ ti ń mì,
kí n rọra.