Fọ́ọ̀mù Mi Kò Dé Ẹ̀fà

Òjò wínníwínní ni mo bá ní Widnes,
mo wọ bàtà rọ́bà, mo gbé fọ́ọ̀mù sábíyá.
Wọ́n ní kí n wá yẹ iṣẹ́ owó ìjọba wò:
mílíọ̀nù mẹ́rin pọ́n-ùn, ọdún mẹ́fà,
lórí ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà sọ di ààtàn
nígbà tí baba ńlá àwọn ará ibẹ̀
kò tíì fẹsẹ̀ tẹlẹ̀.

Ilẹ̀, ògẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí,
níhìn-ín katapílà ni wọ́n fi ya irun rẹ.
Wọ́n gbẹ́ mítà kan kúrò lára rẹ,
wọ́n tẹ́ rọ́bà nípọn lé ìyókù,
wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ àlejò bò ó, wọ́n gbin koríko.
Ṣé egbò ló jinná ni, àbí ẹ̀wù la fi bò ó?
Ìbéèrè yẹn kò sí nínú fọ́ọ̀mù.
Ilé mélòó ló wà níbẹ̀: mọ́kànlélọ́gọ́rin.
Igi mélòó. Ṣé wọ́n gbọ́ tẹnu yín?
Ẹ fún wọn ní máàkì, oókan dé márùn-ún.
Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, wọ́n ní ó ju èje lọ;
fọ́ọ̀mù mi kò dé ẹ̀fà.

Edna Molyneux, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin,
po tíì fún mi, ó ti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
“Ìpàdé mẹ́rìnlá ni mo lọ. Bísíkíìtì wọn dùn.
Wilf ọkọ mi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí àárín imú rẹ̀ fi lu já,
mo sọ ìyẹn ní ìpàdé kìn-ín-ní.
Ní ìkẹrìnlá mo béèrè:
nígbà tí mo bá kú, ta ni yóò máa wo rọ́bà yẹn?
Ọ̀gá náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára.”

Lẹ́yìnkùlé, pòtétò rẹ̀ ń hù
nínú báàfù ìwẹ̀ àtijọ́ kan tó ti dípẹtà létí,
kò sí ẹyọ kan nínú ilẹ̀.

Mo ní, “Ṣé kí n kọ méjì?”
Ó na ìka sí ojú fèrèsé. Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù
níbi tí omi kòtò máa ń pọ́n bí ìyeyè
nígbà tóun wà lọ́mọdé, tí ìyá rẹ̀ ń lé e kúrò.
“Kọ márùn-ún,” ó wí.
“Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan báàfù mi.”

Mo kọ márùn-ún.
Àyè àlàyé kò gbà ju ìlà kan lọ.
Mo kọ: báàfù.