Ọdún Tí Eérú Rọ̀

Tinik kì í pìtàn lọ́wọ́ òfìfo.
Àfi kó so òfì mọ́ igi ẹ̀yìnkùlé,
kó fi ọ̀já awọ fà á mọ́ ìdí,
kí òwú le dáadáa,
nígbà náà ni ẹnu á yà.

Ìkùukùu sọ̀ sórí òkè Chiapas lọ́sàn-án ọjọ́ náà.
Ọmọkùnrin kan dé láti ìlú pẹ̀lú ìwé àti bírò:
"Ìyá àgbà, ọdún wo ni wọ́n kó wọn lọ oko kọfí?"

"Ọdún tí eérú rọ̀.
Òkè kan bú gbàù lọ́nà jíjìn,
ọ̀sán ṣú, adìẹ wọlé sùn,
ìyá ìyá mi ń gbọn eérú kúrò lára àgbàdo,
ewé kan, ewé kan,
oyún ìyá mi nínú rẹ̀."

Ọmọkùnrin náà kọ "eérú", ó fi àmì ìbéèrè sí i.
"Ìwé ìjọba ní ọkùnrin mọ́kànlá ló lọ."

Ọ̀kọ̀ òfì kọjá, ó padà.
"Ṣé àgbàdo tútù ni àwọn mọ́kànlá náà ń jẹ ni?
Ta ló gbé ọlọ, tó fi okùn ẹrù kọ́ iwájú orí,
tó rin ọjọ́ mẹ́jọ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn?
Kọ ọ́ sílẹ̀: Pashku, ibà pa á létí odò, a ò mọ ojú oórì rẹ̀.
Maruch, tó ń ka iye àpò nígbà tí akọ̀wé ń purọ́.
Xunka, tó fẹsẹ̀ rìn padà wálé
pẹ̀lú kóró kọfí mẹ́ta nínú irun dídì.
Igi tó wà lẹ́yìn rẹ yẹn, ọ̀kan nínú wọn ni."

Èmi ń fẹ́ná lábẹ́ agbada amọ̀, mò ń wo ètè rẹ̀.
Mo kéré nígbà tí mo fi Maruch ṣáájú Pashku;
ó tú iṣẹ́ àárọ̀ odindi kúrò lórí òfì,
ó ní, "Loxa, bí wọ́n ṣe tò lójú ọ̀nà ni kí o tò wọ́n.
Ọ̀nà náà tóóró."

"Ó ku ẹnì kan," ni Tinik wí.
Bírò gbéra lórí ìwé, ó ń retí.
Ìyá àgbà fa òwú pupa kan gba etí aṣọ,
ó tẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó sọ orúkọ náà sí mi létí,
ó wá bi àlejò bóyá á mu kọfí.