Ọ̀nà Méjì Wọ Yàrá Náà

Ní Alágbàká, wọ́n mú mi wọ yàrá tí kò ní fèrèsé:
àgbékà irin mẹ́jọ, ẹ̀rọ tó ń mí bí ẹni tó sáré dé.
Wọ́n ní, "Mọrẹ́nikẹ́, wá pín iná fún wọn."

Mo lóṣòó, mo fi ṣọ́ọ̀kì ya ọ̀nà iná sórí sìmẹ́ńtì.
Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ẹnu méjì:
ọ̀tún á máa mu lára wáyà pupa,
òsì á máa mu lára wáyà aláró.
Bí ọ̀kan bá gbẹ, èkejì ò gbọdọ̀ kọṣẹ́.

Áńpíà mẹ́rìndínlógún ni wáyà yìí lè rù.
Mo fún un ní méje.
Ọ̀gá ní ìfowóṣòfò ni.
Mo ní, "Ọjọ́ tí ìkejì rẹ̀ bá kú,
méje á di mẹ́rìnlá,
orí kan á ru ẹrù orí méjì.
Àbí ẹ fẹ́ kí ọrùn rẹ̀ ṣẹ́ ni?"

Bàbá Akínyọ̀sóyè tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìjọ̀mù
wá wò ó lọ́jọ́ Ẹtì. Ojú wọn ò ríran tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.
Wọn ò wo ẹ̀rọ rárá.
Wọ́n fọwọ́ tọ wáyà pupa lára ògiri títí wọ́n fi jáde,
wọ́n padà, wọ́n tọ aláró.
Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín.
"Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, òótọ́ ni.
Ṣùgbọ́n afárá kan ṣoṣo ni ọ̀nà rẹ méjèèjì gbà."

Bùrékà kan. Kékeré, dúdú, lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
ẹni tó kọ́lé ló fi síbẹ̀ kí n tó dé.
Ojú tì mí bí ẹni tó ń ka owó sínú àpò tó ya.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi gbẹ́lẹ̀.
Pupa gba ẹ̀yìn ilé lọ bá tiransifọ́mà,
aláró gba ọ̀dọ̀ bátìrì lọ bá jẹnẹrétọ̀,
wọn ò pàdé níbì kankan.

Oṣù Òkúdù, ìjì wó igi tíìkì lé wáyà lọ́nà Ìlárá,
Akúrẹ́ ṣú dùdù.
Iná pupa ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó kú.
Mo tẹjú mọ́ mítà aláró:
méje,
mẹ́wàá,
mẹ́rìnlá.
Ó dúró síbẹ̀.
Nọ́ọ̀sì kan níbì kan ń wá orúkọ aláboyún lórí kọ̀ǹpútà;
kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Mo pe Bàbá.
"Afárá mélòó?"
"Méjì, sà."
"Ó dáa. Jẹ́ n sùn."