Òdòdó Tó Dorí Kodò

Yàrá méjì la háyà ní Atíkòrí,
ní Ìjẹ̀bú-Igbó, lẹ́yìn ẹbu gàárì.
Ògiri rẹ̀ ti funfun rí.
Ọ̀rinrin ti ya nǹkan sí igun kan:
ọmọ mi ní ewúrẹ́ ni,
èmi rí ọkùnrin tó ń wó lulẹ̀.
Adéfúyẹ̀ ọkọ mi ní ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,
"Ilé onílé, ta ní ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́?"
Mo ní ilé lè jẹ́ ti onílé,
ojú tí mo fi ń jí wò ó láràárọ̀, tèmi ni.

Ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà ló ṣẹ́ kù nínú owó àjọ.
Mo wọkọ̀ lọ sí Òkè-Àjẹ́, ní Ìjẹ̀bú-Òde.
Mi ò bèèrè èyí tí wọ́n gbé kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù,
ìdí ṣọ́ọ̀bù ni mo bèèrè,
níbi tí wọ́n ń ju àjákù sí,
bébà ògiri tí ẹni tó ra ìyókù rẹ̀ ti kọ́lé tán.
Ọ̀kan, òdòdó pupa, ó tóbi bí àwo ọbẹ̀.
Ọ̀kan, ilà dúdú, ilà aláwọ̀ ìyeyè.
Ìkẹta, àwọ̀ aró, omi ti kan etí rẹ̀,
mo fi ìyẹn yọ ẹgbẹ̀ta náírà nínú owó.
"Wọn ò bára wọn mu o," ọmọ ọlọ́jà ló wí bẹ́ẹ̀.
Mo ní èmi àtọkọ mi náà ò bára wa mu,
a ti gbé ọdún mọ́kànlá.

Gọ́ọ̀mù wọ́n ju bébà lọ.
Ìyá Ṣórẹmẹ́kún ló bu ìsàlẹ̀ omi ẹ̀gẹ́ fún mi,
ẹ̀tù funfun tó sùn sábẹ́ garawa.
Mo rò ó lórí iná bí ẹni ń ro ẹ̀kọ,
mo da omi efinrin sí i nítorí aáyán.
A fi àkísà tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí,
afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń sá kiri bí eku abẹ́ ẹní.

Bébà tán ní ìdajì ògiri kẹta.
Mo jókòó, mo wò ó, mo fẹ́ẹ̀ sunkún.
Mo bá mú ewùrà kan tó ti ń rà,
tí kò ṣe é fi ṣe ìkọ́kọrẹ́ mọ́,
mo gé e sí méjì, mo gbẹ́ ọ̀nì sójú rẹ̀,
ọ̀nì ara aṣọ olónà
tó wà nísàlẹ̀ àpótí ìyá bàbá mi.
Ìrù rẹ̀ kúrú. Ọ̀bẹ ló yọ̀.
Mo tẹ̀ ẹ́ sínú ọ̀dà tó kù nígbà tí wọ́n kun ṣọ́ọ̀ṣì,
mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, mo tún tẹ̀ ẹ́.
Ọmọ mi ń ka àwọn ọ̀nì náà.
Ó ṣì í kà, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ọnàfọwọ́kàn lorúkọ ilé bàbá mi.
Bàbá mi jẹ́ ìránṣẹ́ ní káńsù, fáìlì ló ń gbé,
ọwọ́ rẹ̀ ò kan ọnà kankan títí tó fi kú.
Mo ti rò pé orúkọ lásán ni,
bí àdá tí wọ́n kì bọ àjà
tí ẹnikẹ́ni ò pọ́n.

Bàbá onílé wá gbowó.
Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí fìlà, ó dé e padà.
"Ta ló ní kí ẹ..." Kò parí ẹ̀.
Ó sún mọ́ ògiri, ó fi èékánná kan ìrù ọ̀nì kan.
"Tẹ́ ẹ bá ń kó lọ, ẹ ò lè ká a lọ o."
Mo ní mo mọ̀.
Ó ka owó rẹ̀. Ó ṣì í kà lẹ́ẹ̀mejì.

Òdòdó kan dorí kodò lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.
Adéfúyẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́, lálẹ́ ọjọ́ tó ní òun ò ní bá mi dá sí i.
Mi ò sọ fún un.
Nígbà tí iná bá lọ, tí gbogbo ilé sùn,
mo máa ń na ọwọ́ síbẹ̀.
Ẹ̀tù ẹ̀gẹ́ ti gan, ó ga díẹ̀ lábẹ́ ìka.
Ọnà fọwọ́ kàn mí.
Èmi náà fọwọ́ kàn án.