Òǹkà Ẹsẹ̀

Ní erékùṣù Hiiumaa, níbi tí etí òkun ti ń di yìnyín,
tí ọkọ̀ ojú omi kì í fi bẹ́ẹ̀ tètè dé lóṣù kejì,
Àǹtí Virve ń hun ìbọ̀wọ́ irun àgùntàn:
pupa, dúdú, àti àwọ̀ búlúù kan
tí òun nìkan ń pè ní àwọ̀ Oṣù Karùn-ún.
Èmi ni mo ṣí ìkànnì fún un.
Èmi náà ni mo fi ibi tí òǹkà wà hàn án.
Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni kọfí rẹ̀ ti ń tutù kó tó mu ún.
Aago mẹ́fà àárọ̀, ó ti wọ awò,
ó ti pè mí ní Tallinn, oorun ṣì wà lójú mi:
“Taavet, irínwó èèyàn ló wọlé lóru!
Irínwó! Abúlé wa ò tó ìdajì rẹ̀.
Mélòó ni kí n hun?”

Mo ní, ẹ fara balẹ̀ ná.
Ẹni tó yọjú kọ́ ni ẹni tó jókòó.
Ẹ wo ibi tí wọ́n ti wá: ìlú kan ṣoṣo.
Ẹ wo bí wọ́n ṣe pẹ́ tó: ìṣẹ́jú àáyá kan.
Rọ́bọ́ọ̀tì ni wọ́n, Àǹtí.
Wọn ò lọ́wọ́. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìbọ̀wọ́ ṣe?

Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ abẹ́rẹ́ ìhunṣọ rẹ̀
tí wọ́n ń kan ara wọn, kẹ́, kẹ́, kẹ́.
Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé ańjọ̀fẹ́:
bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ náà nìkan la kà,
a ò ní mọ ọjọ́ tí ilé dá.

A wá ka odindi ọ̀sẹ̀ kan, láìsí rọ́bọ́ọ̀tì.
Ìwọlé ọgọ́ta.
Méjìlá tọ àwòrán ológbò kan wá láti Riga,
ológbò tó sùn sínú ìbọ̀wọ́ wa;
wọ́n wo ológbò, wọ́n lọ.
Ó ku ẹnìkan ní Kärdla nítòsí,
ìgbà mẹ́fà lóòjọ́, ọjọ́ méje gbáko,
tó ń ti ojú-ìwé kan bọ́ sí òmíràn, tí kò rà.
“Ìtìjú ló ń ṣe é,” ni Àǹtí wí.
Ó tilẹ̀ ti fi ìbọ̀wọ́ pupa kan pamọ́ dè é.

Mo wo irú fóònù tí ẹni náà ń lò.
Fóònù àtijọ́ ni, èyí tí mo fún un ní Kérésìmesì.
Mo wú ikọ́ díẹ̀.
“Àǹtí... ẹ̀yin ni.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
“Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kí ara mi káàbọ̀!”

Ọgọ́ta di mẹ́fà.
Mo rò pé inú rẹ̀ yóò bàjẹ́.
Ṣùgbọ́n mẹ́fà jẹ́ iye tí àga ilé ìdáná rẹ̀ gbà.
Ó ní kí n máa sọ wọ́n fún un lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ọ̀kan ní Tartu: aago méjì òru ló ń wọlé,
ojú-ìwé ìbọ̀wọ́ ọmọdé ló ń ṣí,
ogún ìṣẹ́jú, a sì jáde lọ́wọ́ òfo.
“Kí ló ń wá lágogo méjì òru?”
Òǹkà mọ ìlú, ó mọ aago.
Ó parí síbẹ̀.

Àǹtí ka ojú-ìwé náà fúnra rẹ̀.
Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ìbọ̀wọ́ wa tó kéré jù bá mu.
Ó ní kí n fi ìlà kan kún un nísàlẹ̀:
*Bí ọwọ́ ọmọ yín bá kéré jù báyìí lọ,
ẹ sọ fún mi. Mo lè hun ún.*

Òru mẹ́ta ti kọjá. Kò sí ẹni tó ra nǹkan kan.
Nígbà tí mo dé síbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀,
ohun búlúù kan wà lórí abẹ́rẹ́ rẹ̀,
kò ju àtàǹpàkò mi lọ.
Mo ní, ta ló ra èyí?
Kò gbójú sókè.
Ó ní, aago méjì kò tíì lù.