Gbogbo Ìwé Àtijọ́ Ṣì Múlẹ̀

Lábẹ́ wáyà iná ńlá ní Alápẹ̀rẹ̀,
níbi tí mo ti ń ta òdòdó láti ọdún mọ́kànlá,
Túnrayọ̀ dé láti Akọ́kà lọ́sàn-án Sátidé,
ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, ìwé lábíyá.
Kò tíì kí mi tán tó fi nàka sí páànù
tí mo san ẹgbẹ̀rún méjì kí wọ́n tó kọ lẹ́tà sí:
"Àǹtí, wọ́n ti gba orúkọ yẹn kúrò lára rẹ̀ o.
Sanseféríà ò sí mọ́.
Dirasénà ni wọ́n ń pè é báyìí."

Mo wo ọ̀já ìkookò, ogójì ìkòkò,
wọ́n nàró ṣánṣán bí ọmọ iléèwé lórí ìlà,
kò sí èyí tó mira nínú wọn.
Mo ní, "Ta ló kú?"
Ó ní kò sẹ́ni tó kú.
Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ló yẹ oje rẹ̀ wò lókè òkun,
wọ́n ní ọmọ ìyá pèrègún ni.

Pèrègún kẹ̀!
Pèrègún ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, tí mo fi ṣọgbà
kí ewúrẹ́ ará ẹ̀yìnkùlé má bàa wọlé?
Èyí tí í pààrọ̀ aṣọ lọ́dọọdún,
òun ni ọ̀já ìkookò wá ń jẹ́ orúkọ ilé rẹ̀?
Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi wo ara wọn lójú,
ọ̀kan ò pe ìkejì ní ẹ̀gbọ́n.

Bàbá Ṣàúbánà tó ń ta koríko lódìkejì
gbé agolo omi kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.
"Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ewúro níjọ́sí.
Wọ́n fún un ní orúkọ kan
tí eyín mẹ́ta tó kù mí lẹ́nu ò lè gé.
Mo já a wò lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì.
Ó ṣì korò."

Ìyáàfin kan wá láti Màgódò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà,
ọmọ rẹ̀ ló kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i: Dirasénà méjì.
Mo gbé ọ̀já ìkookò síwájú rẹ̀.
Ó wò ó, ó wò mí:
"Ẹ má rẹ́ mi jẹ. Mo mọ Sanseféríà tí mo bá rí i."
Mo ṣàlàyé, Túnrayọ̀ ṣí ìwé, Bàbá Ṣàúbánà búra.
Ló bá rìn dé ẹ̀gbẹ́ gọ́tà.
Pèrègún ọgbà mi ló ní kí n hú fún òun,
ó sì san ìlọ́po méjì.

Èmi náà mọ bí orúkọ ṣe ń bọ́ lára.
Sídíkátù Ajíbóyè ni mí kí n tó relé ọkọ,
mo di Ọ̀ṣínúbi fún ọdún mẹ́fà;
nígbà tí ilé yẹn tú, mo gbówó lọ síléeṣẹ́ ìwé ìròyìn.
Fọ́tò mi kéré bí èékánná:
Èmi tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ sí,
mo fẹ́ kí a máa pè mí ní.
Gbogbo ìwé àtijọ́ ṣì múlẹ̀.
Kí gbogbo ènìyàn ṣàkíyèsí.
Báńkì ò ṣàkíyèsí fún oṣù mẹ́ta gbáko.

N kò jẹ́ kí Túnrayọ̀ pa ti àtijọ́ rẹ́.
Mo ní kó kọ Dirasénà sókè, kó ràn án mọ́ ọn:
tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ sí.
Nísàlẹ̀ pátápátá, kó fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ
ọ̀já ìkookò, èyí tí ìyá mi àgbà sọ fún mi
pé ìkookò fi ń pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn
tó bá ń sá fún ọdẹ.
Ọ̀dà tán lórí "kookò".

Ilẹ̀ ti ń ṣú. A kó agolo jọ.
Níbi tí a ti hú pèrègún, ọgbà là sílẹ̀ gbàǹgbà,
orí ewúrẹ́ kan sì ti yọ níbẹ̀,
ó ń wo páànù tuntun, ó ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́.