Àtẹ́lẹwọ́ Lára Ògiri

Wọ́n ní kí n kọ ìtàn ṣọ́ọ̀ṣì wa sínú ìwé àjọ̀dún,
ojú ewé méjì péré, kí fọ́tò ó lè ráyè.
Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ tí ikán ti jẹ ìdajì rẹ̀:
orúkọ àwọn àgbà ìjọ wà níbẹ̀, iye owó ìdáwó wà níbẹ̀,
a ra fìtílà méjì, a lé ewúrẹ́ àlùfáà kúrò lórí pẹpẹ.
Ṣùgbọ́n ta ló mọ ilé náà gan-an?
Ìwé dákẹ́.

Mo dìde, mo lọ bi ògiri.

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tó ti kọjú sí kànga,
ọ̀dà funfun ti bó, símẹ́ńtì bó tẹ̀lé e,
amọ̀ pupa yọjú bí egbò tí kò jiná.
Àtẹ́lẹwọ́ kan wà nínú amọ̀ náà,
ìka márùn-ún, ọmọńdinrín wọ́ díẹ̀.
Mo gbé tèmi lé e. Ó bá mi mu.

Àwẹ̀ró, ìyá bàbá mi, kí ojú rẹ̀ tó ṣú,
a máa sọ fún wa nídìí ààrò pé
obìnrin ló pọnmi, obìnrin ló tẹ amọ̀,
ọkùnrin mọ ọ́n, ọkùnrin gba orúkọ.
Ọ̀gbẹlẹ̀ gùn lọ́dún náà. "Bí a bá ru ìkòkò méjì bọ̀,
amọ̀ á mu ọ̀kan ààbọ̀,
a ó fi èyí tó kù se ọbẹ̀,
àwọn ọkọ wa á sì ní ọbẹ̀ ọ̀hún ti ki jù."

Bẹẹrẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi bò ó.
Iná jó o lẹ́ẹ̀kan, òjò wọ̀ ọ́ láìmoye ìgbà,
ni Jákọ́bù Ọ̀jẹ́wálé bá ní páànù ló kù.
Ọ̀jẹ́wálé, ọmọ eléégún
tó kó ẹ̀kú bàbá rẹ̀ pamọ́ sí àjà,
tí kò sun ún, tí kò sì gbé e mọ́,
òun àti ọkùnrin mẹ́tàdínlógún
ru páànù láti ìdíkọ̀ réluwé n'Íkìrun wá s'Ógbómọ̀ṣọ́,
atẹ́gùn ń gbá páànù, páànù ń gbá ọrùn.
Wọ́n tún gbé àjákù irin réluwé kan dání
tí ẹnikẹ́ni ò fi fún wọn.
Òun la so mọ́ igi máńgòrò, òun ni agogo wa títí dòní.
Bó bá dún, a dà bí ẹni tó fẹ́ jẹ́wọ́.

Ilé mísọ́ọ̀nù nìyẹn lọ́wọ́ ọ̀tún,
fàràndà ró mọ́ ọn nídìí bí ìró.
Òyìnbó tó kọ́ ọ sùn níbẹ̀ fún òjò mẹ́rin, ibà mú un lọ.
Gbòǹgbò máńgòrò ti gbé òkúta orí sàréè rẹ̀ sókè,
ó ń nàgà wo ẹni tó ń wọlé.
Tíṣà gbé ilé náà, àdán gbé e,
ìyá kan bí ìbejì síbẹ̀ lóru tí ìjì wó ilé wọn.
Àga ike la kó sí i báyìí.

Ilé ẹ̀kọ́ kò ju yàrá kan lọ.
Lẹ́yìn pátákó dúdú, ẹnìkan fi ìṣó kọ GÀNÍYÙ.
Gàníyù a máa ka ABD lọ́dọ̀ wa láàárọ̀,
a máa ké kéwú ní mọ́ṣáláṣí nírọ̀lẹ́.
Nígbà tó dàgbà, òun ló gbẹ́ kànga yìí,
kò gba kọ́bọ̀.

Lánàá, bíríkìlà dé láti Ìjẹ̀rú pẹ̀lú símẹ́ńtì tuntun.
Alága ìgbìmọ̀ ní kí ilé Olúwa má baà rí bí aláìlẹ́nìkan.
Mi ò bá a jà.
Mo bẹ ọmọkùnrin náà kó fi ààyè kékeré kan sílẹ̀,
kò ju ojú àwo lọ.
Ó wo ògiri, ó wò mí: "Ọwọ́ ta ni?"
Mo ní mi ò mọ̀.
Ó fi èékánná fa ìlà yí ọwọ́ náà ká,
ó na korobá òfìfo sí mi,
ó ní, "Ó dáa. Ẹ bá mi pọnmi wá."